Akọ̀wé Tí Kò Mọ Àmánà

Ẹni tó bá mọ ìdílé wa ní Ìwó mọ̀ pé n kì í lè fi ọ̀rọ̀ sínú. Bí wọ́n bá ra àgbò iléyá, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ fún àdúgbò bí ìwo rẹ̀ ṣe gùn tó. Ìyá mi ní ẹnu mi kò ní ilẹ̀kùn. Nítorí náà, mo ti yí orúkọ àwọn ènìyàn padà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, àyàfi tèmi. Mujeebah ni mò ń jẹ́, èmi ni mo sì ṣe é.

Bàbá àgbà mi, Alfa Àmúdà, ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú lójúde ilé wa kí wọ́n tó bí ìyá mi. Wọ́n ní ìwé ńlá kan, elẹ́yìn pupa, tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ kọ wáàsí sí láti bí ogójì ọdún. Èdè Yorùbá ni, ṣùgbọ́n lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, èyí tí àwọn alfa ń pè ní ànjẹmí. Nínú gbogbo ọmọ ilé wa, èmi nìkan ni mo lè kà á geere, mo sì máa ń fi í yangàn. Nígbà tí ojú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, èmi náà ni wọ́n ní kí n tẹ ìwé náà sínú kọ̀ǹpútà.

Ọ̀nà méjì ni ìwé náà ṣeé ṣí. Bí ẹ bá ṣí i láti ọ̀tún, bí wọ́n ṣe ń ṣí ìwé kéwú, wáàsí ni ẹ ó bá. Bí ẹ bá yí i po, tí ẹ ṣí i láti òsì, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ àmánà sí, àṣírí tí àwọn ènìyàn fi pamọ́ sí wọn lọ́wọ́: ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wá bá wọn láàárọ̀ Sátidé, tọkọtaya tó ń jà, ẹbí tí ogún fẹ́ tú ká, obìnrin tí wọ́n fi pamọ́ kí ẹnì kan má bàa pa á. Lójú bàbá àgbà, kò sí àpótí irin tó láàbò tó bẹ́ẹ̀. Ta ló máa ṣí ìwé láti òsì? Ta ló sì máa ka ànjẹmí tó bá ṣí i?

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e fún mi, wọ́n gbé ọwọ́ lé e. "Mujeebah, ti ọ̀tún ni kí o tẹ̀ o. Ti òsì, àmánà ni. Má fọwọ́ kàn án."

"Mo ti gbọ́, Bàbá," ni mo wí. Mo sì tẹ méjèèjì.

Àwáwí mi ni pé ikán ti ń jẹ ìwé náà ní igun, pé bó bá jẹ ẹ́ tán, gbogbo rẹ̀ á ṣègbé. Irọ́ ni. Mo fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀ ni.

Àwọn tó ti kéwú lọ́dọ̀ bàbá àgbà wà káàkiri, láti Kánò títí dé Kútọnu. Fóònù àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn kò sì dára. Mo ti kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé ẹ̀kọ́ gíga, mo sì sọ fún gbogbo ènìyàn pé ojú ewé tí mo fẹ́ ṣe kò ní ní àwòrán, kò ní ní ohun tó ń tàn yinrinyinrin. Ọ̀rọ̀ lásán ni, dúdú lórí funfun, kó yára ṣí. Mo wá kọ àkójọ àṣẹ kékeré kan fún kọ̀ǹpútà mi, ìlà mẹ́tàdínlógójì péré. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó wọ inú fódà kan, kó kó gbogbo fáìlì tó bá bá níbẹ̀, kó sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ojú ewé lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kó sì to orúkọ gbogbo wọn sí ojú ewé àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó ti parí. Mo sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Ẹni tó bá rí bí inú mi ṣe dùn sí Akọ̀wé á rò pé èmi ni mo lóyún rẹ̀.

Fódà wáàsí ni mo gbé síwájú rẹ̀. Inú fódà náà ni mo tún ṣe fódà kékeré kan sí, tí mo kó ti òsì sí. Mo rò pé ẹni tó bá ti kó ẹrù sí yàrá, tó sì ti ilẹ̀kùn, ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀. N kò rántí pé Akọ̀wé kì í kanlẹ̀kùn. Èmi tí mo kọ ọ́ kò kọ́ ọ.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, nǹkan bí aago mẹ́ta, mo fi líǹkì náà sí gúrúùpù Wásáàpù àwọn ọmọ ilé kéwú. Igba ènìyàn ó lé méjìlá ló wà níbẹ̀. Àdúrà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ bí òjò. Mo jókòó ti bàbá àgbà lójúde, mò ń ka àdúrà náà sí wọn létí, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ní kí n tún ti ará Kánò yẹn kà. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hussain náà kọ tirẹ̀: "Jasakalahu kaéran, àbúrò. Mo ti bẹ̀rẹ̀. Mò ń kà á ní ìkọ̀ọ̀kan láti òkè." Mo ka ìyẹn náà sókè. Ẹ̀rín bàbá àgbà dúró díẹ̀. N kò bìkítà.

Àlejò mẹ́rin wá kí wọn, mo bá wọlé lọ láti lọ wo ẹwà iṣẹ́ ọwọ́ mi lórí fóònù. Wáàsí kìn-ín-ní, wáàsí kejì. Mo ń fi ìka fà á lọ títí mo fi dé wáàsí kọkànlélógójì, tó jẹ́ ìkẹyìn. Orúkọ tún wà lábẹ́ rẹ̀. Àmánà kìn-ín-ní. Àmánà kejì. Mẹ́sàn-án ni wọ́n.

Mo tẹ ẹ̀kẹsàn-án, nítorí mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kó má ṣí. Ó ṣí wàrà. Mo ti ṣe é kó yára ṣí.

Ohun tó wà níbẹ̀ rèé: "Ràfíátù, aya Hussain. Ọkọ rẹ̀ fi àdá ṣá a léjìká, ó ní bí òun bá tún gbé e, ọrùn ni. A lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni. Mo ti gbé e lọ sí Kuta, sọ́dọ̀ Oyèdàmọ́lá tó ń yan gààrí, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́. Kó má lo fóònù." Kuta ni kí ẹ jẹ́ ká pe ìlú náà. Nọ́ńbà Oyèdàmọ́lá wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Hussain ń kà á láti òkè, ní ìkọ̀ọ̀kan.

Mo sáré pa fódà náà rẹ́, mo ní kí Akọ̀wé tún iṣẹ́ ṣe. Àmánà kúrò lára àwọn orúkọ tó wà níwájú. Mo fẹ́ mí kanlẹ̀, ni mo bá tún líǹkì ẹ̀kẹsàn-án tẹ̀ láti dán an wò. Ó ṣì ṣí, pẹ̀lú Kuta àti ẹ̀gẹ́ àti gbogbo rẹ̀. Akọ̀wé mọ bí wọ́n ti í kọ. N kò kọ́ ọ bí wọ́n ti í pa á rẹ́. Mo ní láti wọ ibi tí àwọn ojú ewé náà wà, kí n máa fi ọwọ́ ara mi yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì ń yí bìrí bí ẹni tí kò nílé. Ìkánjú mú kí n yọ wáàsí méjì mọ́ ọn.

Ohun tó dá mi níjì jù ni pé n kò lè mọ ẹni tó ti kà á. Àwọn ojú ewé ńlá máa ń ka iye ẹni tó wọlé àti ohun tó tẹ̀. Èmi ni mo fọ́nnu fún gbogbo ayé pé tèmi kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo pe Oyèdàmọ́lá lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Fóònù rẹ̀ ti kú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo wo bàbá àgbà láàárín àlejò wọn. Fìlà tuntun wà lórí wọn, wọ́n ń sọ fún àwọn àlejò náà pé ọmọ-ọmọ òun ti kó wáàsí òun kárí ayé. Ó yẹ kí n kúnlẹ̀ síbẹ̀, kí n jẹ́wọ́. N kò lè ṣe é. Ojo ni mí. Mo gba ẹ̀yìnkùlé jáde, mo dá ọ̀kadà dúró.

"Kuta," ni mo wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sáré."

"Àǹtí, ṣé ẹnì kan ń rọbí ni?" ni ọlọ́kadà náà bi mí.

"Ẹ ṣáà máa lọ!"

Lójú ọ̀nà, ìṣirò kan ṣoṣo ni mò ń ṣe. Ìṣẹ́jú mélòó ni ènìyàn fi ń ka wáàsí kan? Bó bá jẹ́ mẹ́ta, ó ṣì wà láàárín. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń yára kàwé ńkọ́? Bó bá fo díẹ̀ ńkọ́? Gbogbo alùpùpù tó bá ya wá sílẹ̀, mo máa wo ẹ̀yìn ẹni tó gùn ún bóyá Hussain ni. Ọlọ́kadà tèmi ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe gbà á ní ilẹ̀ oko, ó ń pariwo rẹ̀ lójú afẹ́fẹ́, n kò gbọ́ ìdajì. Mo gbàdúrà kí Hussain jẹ́ ọ̀lẹ. Mo gbàdúrà kí ọmọ kan gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. N kò gbàdúrà tó kúnjú òṣùwọ̀n kankan.

Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ ẹ̀gẹ́, Oyèdàmọ́lá wà nídìí agbada gààrí, obìnrin gíga kan tí èéfín ti pọ́n lójú. Ràfíátù jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń ku gààrí. Ó ti sanra díẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ní Ìwó tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ń rẹ́rìn-ín sí nǹkan kan tí Oyèdàmọ́lá sọ. Mo rò pé ìyẹn ló dùn mí jù: ó ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Mo kúnlẹ̀ sínú eérú, mo sì sọ gbogbo rẹ̀.

"Ìwọ ọmọ alfa!" Oyèdàmọ́lá ju ìgbakọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ṣé orí ẹ pé? Ṣé wọ́n ní kó o máa kígbe orúkọ ènìyàn lọ́jà ni?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ má bínú."

"Èwo ni kí n má bínú? Ìbínú mi kọ́ ló gbé àdá!"

Ràfíátù kò pariwo. Ó gbọn gààrí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. "Aago mélòó lo gbé e síta?"

"Aago mẹ́ta, àǹtí mi."

Ó wo oòrùn. Ó dìde, ó wọlé, kò sì pẹ́ tó fi jáde pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Ó wo àwọn ilá tó gbìn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, lẹ́yìn náà ó kọjú sí mi. N kò tíì rí ojú tó rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Mujeebah, n kò bínú sí ẹ. Kọjú sí ògiri."

"Àǹtí mi?"

"Kọjú sí ògiri, kó o má rí ọ̀nà tí mo gbà. Ẹnu ẹ kò ní ìdérí."

Mo kọjú sí ògiri bí ọmọ tí tíṣà ń jẹ níyà. Mo ń sunkún, mo sì gbọ́ tó ń bá ọlọ́kadà tó gbé mi wá sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ọlọ́kadà náà, tí ẹnu tirẹ̀ náà kò ní ìdérí, tún orúkọ ìlú náà pè sókè kó lè dá a lójú. Mo gbọ́ ọ kedere. N kò ní kọ ọ́ síbí, ẹ má wulẹ̀ retí rẹ̀. Alùpùpù náà bú ramúramù, ó lọ, ariwo rẹ̀ sì kú.

Oyèdàmọ́lá ní kí n tètè máa lọ. Mo jáde sí títì, kò sí ọ̀kadà kankan. Mo padà wá dúró sábẹ́ àtíbàbà. Kò pé ogún ìṣẹ́jú tí Hussain fi dé.

Aṣọ Jímọ̀ funfun ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó rọra gbé alùpùpù rẹ̀ dúró, kò yára. Ohun kan wà tó fi àpò sìmẹ́ǹtì wé, tó dè mọ́ ẹ̀yìn alùpùpù náà. Ó gùn, n kò wò ó lẹ́ẹ̀kejì. Orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó mọ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà."

"Áà, Mujeebah, ọmọ Alfa. O kú iṣẹ́ o." Ohùn rẹ̀ tutù. "Mo kà á. Wáàsí tí Alfa ṣe lórí sùúrù yẹn wọ̀ mí lára gan-an. Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà mo wá dé ìsàlẹ̀."

Oyèdàmọ́lá ń ro gààrí rẹ̀ lọ. Ìgbakọ ń ró gbọn-gbọn-gbọn létí agbada. Ó ní òun kò mọ Ràfíátù kankan. Hussain gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó wọ ilé lọ, a sì ń gbọ́ tó ń sún àpótí, tó ń ṣí ilẹ̀kùn kan, tó ń ti òmíràn. Nígbà tó jáde, búútà àlùwàlá kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, aláwọ̀ ewé.

"Ìwọ, ìyá yìí, o kì í ṣe Mùsùlùmí," ló wí fún Oyèdàmọ́lá. "Ta ló ni búútà?" Kò dúró gbọ́ èsì. Ó kọjú sí mi. "Níbo ló lọ?"

"N kò mọ̀, sà."

"Ṣé o búra?"

"Mo búra, sà."

Ó ki ọwọ́ bọ àpò àyà rẹ̀, ó yọ Kùránì kékeré kan jáde. "Gbé ọwọ́ lé e."

Láti kékeré ni bàbá àgbà ti ń kọ́ wa pé ẹni tó bá gbé ọwọ́ lé Kùránì búra èké, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣílẹ̀kùn fún ìparun. Mo mọ ọmọkùnrin kan ládùúgbò wa tí wọ́n ṣì ń fi ìtàn rẹ̀ dẹ́rù ba ọmọdé. Mo wá ọgbọ́n kan dá.

"N kò ní àlùwàlá, sà. Mi ò lè fọwọ́ kàn án."

Hussain rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbé búútà Ràfíátù kalẹ̀ síwájú mi. "Omi wà nínú ẹ̀. Mo ní sùúrù."

Mo ṣe àlùwàlá. Mo fọ ọwọ́ mi méjèèjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo yọ ẹnu mi, ẹnu tó dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo fọ imú, mo fọ ojú, mo fọ apá dé ìgúnpá. Oòrùn ti mú kí omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ràfíátù ló pọn ọ́n síbẹ̀ fún ìrun Àsárì rẹ̀. Mo pa orí, mo pa etí, mo sì fọ ẹsẹ̀ mi láìyára, nítorí gbogbo ìṣẹ́jú tí mo bá fi ṣe é, ó ń jìnnà sí i. Hussain ń wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọ tó ń ka súrà, kó má bàa fo ọ̀kan.

Lẹ́yìn náà mo gbé ọwọ́ tútù lé Kùránì, mo wo ojú rẹ̀.

"Wàláì, bìláì, tàláì, n kò mọ ibi tí Ràfíátù lọ."

Ó wò mí pẹ́. Iná ojú rẹ̀ kú díẹ̀díẹ̀. "Ọmọ Alfa kì í búra èké," ló wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ti Kùránì bọ àpò. Ó gun alùpùpù rẹ̀, ó wá yí ojú padà. "Ṣùgbọ́n o máa mọ̀ lọ́jọ́ kan. Bó o bá sì ti mọ̀, o máa kọ ọ́. Irú ẹ kì í lè fi sínú. Mo máa máa kà á, ìkọ̀ọ̀kan."

Ọ̀nà Ìwó ló gbà. Oyèdàmọ́lá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, gààrí ń jóná níwájú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó rò ó.

Mo délé lẹ́yìn ìrun Mọ̀gàríbì. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, mo dojú délẹ̀ níwájú bàbá àgbà, mo sì jẹ́wọ́ ohun tí mo tẹ̀ àti ibi tó dé. Mo sọ fún wọn pé Hussain dé Kuta, pé kò bá Ràfíátù. Ìbúra nìkan ni n kò dárúkọ. Wọn kò nà mí, wọn kò sì bú mi. Wọ́n ń ka tẹ̀súbáà lọ, ọwọ́ wọn ń wá ilẹ̀kẹ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn.

"Àwọn mẹ́jọ yòókù," ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. "Láàárọ̀ ọ̀la, ìwọ ni o máa mú mi lọ sí ilé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìwọ ni o máa sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Ràfíátù ńkọ́? Ibo ló wà báyìí?" Wọ́n fà mọ́ ẹ̀gbẹ́ fìtílà, wọ́n fọwọ́ wá gègé. "Mo ní láti ránṣẹ́. Mo ní láti mọ̀ bóyá ó yè. Ojú mi kò gbé e mọ́ nírọ̀lẹ́; gbà, kọ ọ́ fún mi."

Wọ́n na gègé náà sí mi. Mo gbà á. Orúkọ ìlú náà ń jó lórí ahọ́n mi. Bí mo bá sọ ọ́, ènìyàn kan péré ló máa gbọ́, ẹni tó dára jù nínú gbogbo ẹni tí mo mọ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ní ànjẹmí.

"N kò mọ̀, Bàbá," ni mo wí.

Mo fẹ́ bi wọ́n ní ìbéèrè kan. Mo fẹ́ bi wọ́n léèrè ohun tí Ọlọ́run ń ṣe fún ẹni tó ṣe àlùwàlá pé pérépéré, tó gbé ọwọ́ lé Kùránì, tó sì purọ́, bóyá àánú wà fún un. Ní gbogbo Ìwó, kò sí ẹni tí ìdáhùn rẹ̀ lè fi ọkàn mi balẹ̀ bí tiwọn. Ṣùgbọ́n tí mo bá bi wọ́n, wọ́n á mọ̀ pé mo mọ ibẹ̀. Mo dé gègé náà, mo sì dá a padà sí wọn lọ́wọ́.